Ẹ Má Kó Àìsàn Mọ́ Ẹrù: Ẹran Ọ̀sìn àti Ewéko Wa Nígbà Tí A Bá Ń Lọ Sílé Tuntun

 

Kò sí ọdún kan tí àwọn ìdílé kan láàárín wa kì í kó láti ilé kan sí òmíràn. Ẹlòmíràn ti ń gbé yàrá méjì láàárín ìgboro Ìsẹ́yìn tipẹ́, Ọlọ́hun wá jẹ́ kó kọ́ ilé tirẹ̀ sẹ́yìn ìlú. Ìjọba gbé olùkọ́ kúrò ní Ṣakí, ó di ọmọ Ìbàdàn. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé ní Òkèhò, àwọn ọmọ ní kó wá máa bá àwọn gbé. Bí a bá ń di ẹrù, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, fìríìjì àti ìkòkò ọbẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. Àgùntàn tó wà lórí ìso, adìẹ inú àgò, ológbò àti ewúro ẹ̀yìnkùlé, ó di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé kí a tó rántí wọn. Nígbà náà ni a óò wá so adìẹ mẹ́fà lẹ́sẹ̀ pọ̀, tí a óò ti ewúrẹ́ sínú búùtù, tí a óò sì fi ológbò sílẹ̀ nínú ilé òfìfo.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí: ẹ̀tọ́ tí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ní lọ́rùn wa; bí a ṣe lè gbé wọn láìjẹ́ pé wọ́n kú tàbí jìyà; àti bí a ò ṣe ní í tipasẹ̀ wọn kó àrùn bá ẹran aládùúgbò àti àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ kà á.

Amánà ni wọ́n

Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kò lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Adìẹ tí a dé mọ́ àgò kò lè rí omi bí a kò bá bù ú fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀sìn wa fi ka ọ̀rọ̀ wọn sí amánà. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ti ológbò mọ́lé. Kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá nǹkan jẹ, títí ológbò náà fi kú. Ìyà iná ni obìnrin náà fi gbà. Àwọn méjèèjì yìí náà ló gbà á wá pé ọkùnrin kan wọ inú kànga lọ, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ fẹ́ pa, Ọlọ́hun sì forí jìn ín. Abu Dawud gbà á wá pé Ànábì rí ràkúnmí kan tí ebi ti jẹ́ kí ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí àwọn ẹran tí kò lè fẹnu sọ tinú wọn.

Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ilé tó ń fi sílẹ̀ pa mọ́ ológbò, kó ronú sí hádíìsì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Bí a kò bá lè mú ẹran kan lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí a tà á, kí a dúńbú rẹ̀ bó bá jẹ́ ẹran jíjẹ, tàbí kí a fi fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun á tọ́jú rẹ̀. Kí a kàn fi í sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ tà á, kí ó jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ le. Àwọn kan máa ń sáré gbé ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ lọ sọ́jà ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kó, kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀. Ìrẹ́jẹ ni. Ànábì kìlọ̀ gidigidi fún oníṣòwò tó fi ọkà gbígbẹ bo èyí tó tutù mọ́lẹ̀. Ẹran tó ń ṣàìsàn tí a tà láìsọ burú ju ọkà tútù lọ, nítorí yóò ran gbogbo agbo ẹni tó rà á.

A kì í da aláìsàn pọ̀ mọ́ aláàfíà

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí wà nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, pé kí ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn má ṣe dà á lọ bá ràkúnmí tí ara rẹ̀ le. Ó ti lé ní 1,400 ọdún tí a ti gbọ́ ọ, òun náà sì ni àwọn dókítà ẹran ń kọ́ni lónìí.

Àwọn kan á ní, “Ọlọ́hun ló ń pani, Òun ló ń dá ẹ̀mí sí, kí la tún ń ṣọ́ra fún?” Ẹ jẹ́ ká rántí Sàyyídìnà Umar nígbà tó jẹ́ Kàlífà. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó sì ti dé Sargh nígbà tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó pinnu láti padà. Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ni òun ń sá sí. Ó wá fi darandaran ṣe àpẹẹrẹ fún un: bí ó bá da ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì, tí ẹ̀gbẹ́ kan ní koríko tútù, tí ìkejì sì gbẹ, èyí yòówù tó bá dà á lọ, kádàrá ni, síbẹ̀ olóye kò ní í da ẹran rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, ó sì sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì: kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì ṣe sá jáde.

Ojú wa náà ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2006, wọ́n rí àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ tó fi dé ìpínlẹ̀ mìíràn. Gbígbé adìẹ láàyè láti ọjà dé ọjà wà lára ohun tó tàn án ká. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ó ti pa obìnrin kan l'Ékòó. Ẹni tó gbé adìẹ mẹ́wàá láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn lè máa rò pé ẹrù òun lásán ni òun gbé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àrùn, ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Kí ọjọ́ náà tó pé

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ pe dókítà ẹran. Àjẹsára kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá gbà á; ara ẹran nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lágbára. Ìrìn àjò sì máa ń tán ẹran lókun, ìgbà náà ni àrùn tó ti fara pamọ́ máa ń jáde.

Fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ béèrè àjẹsára PPR, ìyẹn àrùn tí àwọn kan ń pè ní kátà. Àmì rẹ̀ ni ibà, kí ojú àti imú máa ṣomi, egbò ẹnu, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru. Ó máa ń pa ọmọ ẹran púpọ̀. Fún adìẹ, ẹ béèrè àjẹsára Newcastle, àrùn tó ń pa adìẹ ilé run nígbà ọyẹ́. Kíkán ni wọ́n ń kán oríṣi rẹ̀ kan sójú adìẹ, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ajá àti ológbò, àjẹsára dìgbòlugi ni tiwọn. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ti ń ṣe àjẹsára ẹran fún orílẹ̀-èdè wa láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ máa retí láti òkè òkun.

Ẹ tún ka oṣù àti ọjọ́. Oyún ewúrẹ́ àti ti àgùntàn ń gba nǹkan bí ọjọ́ 150. Èyí tó bá ti wọ oṣù karùn-ún, ẹ jẹ́ kó bímọ kí ẹ tó gbé e. Adìẹ tó ń sàba, ọjọ́ 21 ni yóò fi pa ẹyin rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e dìde ní àárín rẹ̀ bí ẹ bá lè fi í síkàáwọ́ aládùúgbò. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, kó dúró gba ìtọ́jú.

Kí a tó sanwó ilé, ẹ jẹ́ ká bi onílé tuntun bóyá ó fàyè gba ẹran. Ìjà tó máa ń wáyé láàárín ayálégbé àti làńlọ́ọ̀dù lórí ìgbẹ́ ewúrẹ́ kò bá ti wáyé bí a bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ ilé ẹran sílẹ̀ kí ẹran tó dé: kó ní òrùlé, kó jìnnà sí ilé ìdáná, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe lókè rẹ̀, kí òjò má baà gbá ìgbẹ́ lọ sínú omi tí a ń mu.

Lójú ọ̀nà

Gbogbo wa la mọ ooru Òkè-Ògùn ní oṣù kejì àti ìkẹta. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé ẹran ṣí lẹ́yìn ìrun Subhi, kí ó ti dé kí oòrùn tó mú. Ẹ fún wọn lómi dáadáa kí ẹ tó lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rọ oúnjẹ sí wọn níkùn.

Inú àgò tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni kí adìẹ wà, kì í ṣe kí orí wọn máa rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà. Ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró nínú ọkọ̀ tó ṣí, lórí koríko gbígbẹ kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀. Ẹ má ṣe fi okùn so ọrùn wọn mọ́ irin ọkọ̀: bí wọ́n bá ṣubú, okùn á fún wọn pa. Búùtù ọkọ̀ kì í ṣe ilé ẹran. Ooru inú rẹ̀ nìkan tó pa á. Ológbò, apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tàbí páálí tí a lu sí ihò ni kí ẹ fi gbé e. Bí adìẹ bá ń yanu mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ewúrẹ́ bá ń yọ ahọ́n, ẹ dúró lábẹ́ igi, kí ẹ fún wọn lómi.

Kí a tó fi ilé àtijọ́ sílẹ̀, ẹ gbá ilé ẹran, kí ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ jìnnà. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ lè ní ọmọ tó ń rá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Bí ẹran mìíràn bá wà ní àdúgbò tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kí tiyín dà pọ̀ mọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹ́ta ló dára jù. Kí wọ́n ní abọ́ omi tiwọn. Ẹni tó ń bọ́ ẹran, kó kọ́kọ́ bọ́ àwọn tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, kó tó lọ bọ́ àwọn àlejò, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti bàtà rẹ̀. Bí ẹran kan bá kọ oúnjẹ, tó ń wúkọ́, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè pe dókítà ẹran.

Èyí tó bá kú, òkú ẹran ni, èèwọ̀ ni fún wa. Ẹ gbẹ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sin ín. Ẹ má ṣe jù ú sódò tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èyí tí àìsàn tí a kò mọ̀ ti fẹ́ pa, ẹ má ṣe sáré dúńbú rẹ̀ fún ọbẹ̀. Àwọn àrùn ẹran kan wà tó máa ń gba ọwọ́ ẹni tó ń kun ẹran wọlé sí ara.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó yé wa. Ní mázìhábù Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran jíjẹ kì í ṣe nájísì, àfi ti ẹran tó ń jẹ ẹ̀gbin, bí adìẹ tó ń ṣa ààtàn jẹ. Nítorí èyí, àwọn kan kì í bìkítà bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ bá wà níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Kí aṣọ yẹ fún ìrun lọ́tọ̀, kí ọwọ́ yẹ fún oúnjẹ lọ́tọ̀. Ìgbẹ́ tí kò ba ìrun jẹ́ lè ní aràn àti kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọdé. Ọṣẹ àti omi ni oògùn rẹ̀, kí a tó jẹun àti lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ẹran.

Ológbò àti ajá

Abu Qatada gbé abọ́ omi àlùwàlá rẹ̀ fún ológbò mu, ó sì jẹ́rìí pé Ànábì ní ológbò kì í ṣe nájísì, ara àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé ni. Ológbò fẹ́ràn ilé ju olówó rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, yóò wá ọ̀nà ilé àtijọ́ lọ, mọ́tò sì lè pa á lójú ọ̀nà. Ẹ fi í sí yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, pẹ̀lú oúnjẹ, omi àti páálí tí ẹ da iyanrìn sí fún ìgbẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ kó ìgbẹ́ náà dànù, nítorí kòkòrò tó lè wà nínú rẹ̀ nílò ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè ran ènìyàn. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, kòkòrò náà lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Kí ọkọ tàbí ọmọ tó ti dàgbà bá a ṣe é.

Ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń ṣọ́ ẹran ni ẹ̀sìn gbà wá láyè láti sìn. Ìta ni kí ilé rẹ̀ wà. Ajá tó dé ibi tí kò mọ̀ lè fi ẹ̀rù bu ènìyàn jẹ. Ẹ so ó títí yóò fi mọ àdúgbò. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, tiyín ni o, ti ẹlòmíràn ni o, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Abẹ́rẹ́ tí a gbà ní kíákíá ló ń gbà á sílẹ̀.

Ewéko náà ní ẹ̀tọ́

Anas gbà á wá pé Mùsùlùmí tó bá gbin igi, tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹran sì jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Nítorí náà, igi máńgòrò tí a gbìn sílé onílé, ẹ má ṣe gé e lulẹ̀ tìbínú-tìbínú nítorí pé a ń lọ. Ẹ gé ẹ̀ka ewúro díẹ̀, ẹ gba irúgbìn ẹfinrin, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀san rẹ̀ kò ní í tán nígbà tí a bá ti kó lọ.

Bí ẹran ṣe ń gbé àrùn lọ ni ewéko náà ń gbé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan bá igi ẹ̀gẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà. Kò ní ọ̀tá kankan níhìn-ín, ó sì ń ba oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú wọn, ló ṣe iṣẹ́ tó kápá rẹ̀. Wọ́n rí agbọ́n tín-ín-tín kan ní Paraguay tó ń pa kòkòrò náà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nílẹ̀ wa ní 1981. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995 lórí iṣẹ́ náà. Ẹ wo wàhálà tí igi ẹ̀gẹ́ tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa kó bá odindi ilẹ̀ Áfíríkà!

Nítorí náà, ẹ yí abẹ́ ewé wò. Èyí tó bá ní nǹkan funfun bí òwú, tàbí tí ewé rẹ̀ ká kò tó ní àbààwọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ bó gbòǹgbò àti èèpo ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí àwọn aràn àti kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ìkòkò òdòdó, ẹ fi igi gbé ìdí rẹ̀ wò kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Àkeekèé fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀. Ẹ bomi rin ewéko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi àpò bò wọ́n kí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ má baà ya wọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ ẹ bá dé. Ẹni tó bá lè dúró di ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ewéko rẹ̀ á tètè mú.

Abọ́ tí a fi sábẹ́ ìkòkò òdòdó, ẹ máa da omi rẹ̀ nù lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló tó fún ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn. Bí ọgbà ilé tuntun bá jẹ́ lápálapá, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: èso rẹ̀ dà bí ẹ̀pà lójú wọn, májèlé sì ni. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ mú èso náà dání, kí ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ta ni nínú ilé wa ló ń fún ẹran lómi? Ta ni yóò ṣe é lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá ń kó ẹrù?
2. Ọdún wo ni ẹran wa gba àjẹsára kẹ́yìn?
3. Kí ni ìdáhùn Sàyyídìnà Umar kọ́ ẹni tó ní kádàrá ti tó, kò sí ìdí fún ìṣọ́ra?
4. Kí ló fà á tí ohun tí kò ba ìrun jẹ́ fi lè ba ìlera jẹ́?
5. Igi wo ni a lè fi sílẹ̀ ní sàárà níbi tí a wà yìí?

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí àwọn ilé tí a ń kó lọ, kó dáàbò bo àwọn ọmọ wa àti àwọn ẹ̀dá tó fi sí ìkáwọ́ wa, kó má sì jẹ́ ká jẹ gbèsè amánà. Àmín.